Ilé Àjogúnbá Tí Ayálégbé Ń Gbé: Ṣé Kí A Tà Á Ni, Tàbí Kí A Pa Á Mọ́?

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé àwọn ìdílé. Kí olúkúlùkù kà á ní ilé kí ó tó wá.

1. Ó ti di ohun tí a ń gbọ́ lemọ́lemọ́ láàárín wa pé bàbá kan tí ó ti pẹ́ ní ìlú àjò yìí sùn, a sì sin ín pẹ̀lú ẹ̀yẹ, a jẹ, a mu. Ṣùgbọ́n kí ọdún kan tó yí po, àwọn ọmọ rẹ̀ kò lè jókòó pọ̀ mọ́ nítorí ilé tí ó fi sílẹ̀. Ọ̀kan wí pé kí a tà á. Èkejì wí pé ẹni tí ó bá ta ilé bàbá òun, òun àti onítọ̀hún ni. Ẹ̀kẹta kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n òun ni ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ayálégbé. A kò kọ ẹ̀kọ́ yìí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. A kọ ọ́ kí àwọn tí ọ̀ràn náà kò tíì kàn lè mọ ohun tí wọn yóò bèèrè, àti kí àwọn tí ó ti kàn lè mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn náà.

2. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí bí àwọn bàbá wa ṣe di onílé níhìn-ín. Ọkọ̀ ojú irin dé Kánò ní 1911, láàárín ọdún díẹ̀ sí i ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ya Sábó Gàrí sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi ìlú fún àwọn àlejò tí ó ti ìhà gúúsù wá. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá wà nínú wọn: akọ̀wé rélùwéè, télọ̀, oníṣòwò aṣọ àti obì. Ẹni tí ó bá rí ilẹ̀ gbà, yóò kọ́ yàrá méjì, yóò máa gbé ọ̀kan, yóò fi èkejì háyà. Nígbà tí owó bá tún dé, yóò fi méjì kún un. Báyìí ni ilé ṣe kún, yàrá kọjú sí yàrá, ilé ìdáná ní ẹ̀yìn, kànga ní agbàlá, balùwẹ̀ kan àti ṣalángá kan fún gbogbo ènìyàn. Ilé yìí ni owó ìfẹ̀yìntì wọn. Òun ni ó rán ọ̀pọ̀ nínú wa lọ sí ilé ìwé.

3. Púpọ̀ nínú wọn kọ́ ilé méjì: ọ̀kan níhìn-ín fún owó, ọ̀kan ní ìlú wọn fún orúkọ. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ohun kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ a máa pe méjèèjì ní ilé bàbá mi. Ilé tí ó wà ní agbo ilé, tí ibojì bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, kò sí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ pé kí a tà á, ẹ̀kọ́ yìí kò sì kàn án. Èyí tí a ń sọ ni ilé tí bàbá fi ṣòwò. Nígbà tí a bá sọ báyìí, àwọn kan yóò mú ọ̀rọ̀ Nábótì wá, ẹni tí ó kọ̀ láti fi ọgbà àjàrà tí ó jogún fún Áhábù ọba. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé Nábótì wà nítòsí ọgbà náà, ọwọ́ rẹ̀ ni ó sì wà. Ẹni tí ó wà ní Èkó, tí kò tíì fi ojú kan ilé bàbá rẹ̀ ní Kánò láti ọdún mẹ́sàn-án, kò yẹ kí ó fi Nábótì bo ara.

TA NI Ó LẸ́NU LÁTI DÁHÙN?

4. Kí a tó bèèrè pé kí a tà á tàbí kí a máà tà á, a ní láti mọ àwọn tí ìdáhùn wà lọ́wọ́ wọn. Bí bàbá bá kọ ìwé ìhágún, ẹ tẹ̀lé e. Bí kò bá kọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí àṣà Yorùbá, ilé náà ti di ti gbogbo ọmọ, ọkùnrin àti obìnrin, láìpín. Àkọ́bí tí ó jókòó ti ilé náà, alábòójútó ni. Kì í ṣe onílé. Kò sí ọmọ tí ó lè sọ pé yàrá báyìí ni ìpín tèmi, kí ó sì tà á, níwọ̀n ìgbà tí a kò tíì pín in. Bí ọmọ kan bá dá ilé náà tà lẹ́yìn olórí ẹbí, títà náà kò múlẹ̀ rárá lójú òfin. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìjẹ́ pé àwọn àgbà ọmọ fọwọ́ sí i, wọ́n lè gba kóòtù lọ kí a yí i padà. Nítorí náà, òǹrajà tí ó lajú kì yóò fi owó rẹ̀ lé ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo. Yóò ní kí gbogbo wọn wá fọwọ́ sí ìwé. Ẹni tí kò bá bèèrè fún èyí, tí ó kàn ń kánjú láti sanwó, ẹ fura sí i.

5. Bí a ó ti pín in ńkọ́? Ọ̀nà méjì ni àwọn àgbà mọ̀: ìdí igi, èyí tí a ń fi iye ìyá pín, àti orí ò jorí, èyí tí a ń fi iye ọmọ pín. Ìyàtọ̀ wọn kì í ṣe kékeré. Kí a sọ pé bàbá ní ìyàwó méjì. Ìyálé bí ọmọ márùn-ún, ìyàwó kejì bí ọ̀kan ṣoṣo. Bí a bá lo ìdí igi, ọmọ kan yẹn yóò gba ìdajì, àwọn márùn-ún yóò pín ìdajì kejì. Bí a bá lo orí ò jorí, olúkúlùkù yóò gba ìdá kan nínú mẹ́fà. Ọ̀ràn yìí gan-an ni a gbé lọ sí kóòtù nínú ẹjọ́ Danmole àti Dawodu, lórí ohun ìní bàbá kan ní Èkó tí ó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án. Adájọ́ àkọ́kọ́ wí pé ayé ìdí igi ti kọjá. Kóòtù àgbà ti ìjọba àpapọ̀ yí i padà ní 1958, ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, a sì fi ọwọ́ sí i níbẹ̀ ní 1962 pé ìdí igi ṣì ni àṣà Yorùbá, ṣùgbọ́n olórí ẹbí lè lo orí ò jorí bí ó bá rí i pé ìjà fẹ́ wà. Bí bàbá bá jẹ́ Mùsùlùmí tí a sì ń pín in ní ìlànà Ìsìláàmù, ìṣirò náà yàtọ̀: ìdá kan nínú mẹ́jọ fún ìyàwó tàbí àwọn ìyàwó lápapọ̀, ọmọkùnrin sì gba ìlọ́po méjì ọmọbìnrin. Ẹni tí ó bá sì ṣe ìgbéyàwó alárédè, kí àwọn ọmọ rẹ̀ bèèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò, nítorí òfin mìíràn lè wọ ọ̀ràn náà. Pé ilẹ̀ náà wà ní Kánò kò sọ pé àṣà Kánò ni a ó fi pín in. Àṣà olóògbé ni kóòtù sábà máa ń wò.

6. Ìwé ńkọ́? Nígbà tí Jeremáyà ra oko ní Ánátótì ní ṣékélì fàdákà 17, ó kọ ìwé, ó pe ẹlẹ́rìí, ó fi èdìdì dì í, ó sì ní kí a fi í sínú ìkòkò amọ̀ kí ó lè pẹ́. Ìkòkò amọ̀ ti bàbá wa dà? Ní ọ̀pọ̀ ilé, ohun tí a óò bá nínú àpótí ni ìwé ìfúnnilẹ̀ tí ikán ti jẹ ní etí, àti rìsíìtì owó ilẹ̀ tí ó dáwọ́ dúró ní ọdún tí bàbá bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Láti ìgbà tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti dé ní oṣù Kẹta 1978, abẹ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, a kò sì lè gbé ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ tí ó ní C of O fún ẹlòmíràn kí ó pé láìgba àṣẹ gómìnà. Àwọn tí yóò rà á mọ èyí. Ilé tí ìwé rẹ̀ kò pé kì í gba owó tí ẹnìkejì rẹ̀ gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ògiri kan náà ni ó pààlà wọn. Nítorí náà, yálà ẹ fẹ́ tà á tàbí ẹ kò fẹ́ tà á, owó ilé tí ẹ bá kọ́kọ́ gbà lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ fi san gbèsè owó ilẹ̀, kí ẹ sì fi gba ìwé àṣẹ láti ṣàbójútó ohun ìní olóògbé ní kóòtù gíga.

Ìbéèrè: Nínú ìdílé tìrẹ, ta ni ó mọ ibi tí ìwé ilé wà? Ṣé ẹni méjì mọ̀ ọ́n?

KÍ NI ILÉ NÁÀ Ń MÚ WÁ?

7. Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ mú bírò. Kí a sọ pé ilé náà ní yàrá 14. Màmá ń gbé ọ̀kan. Ọ̀kan kún fún ẹrù ẹ̀gbọ́n tí ó ti kó lọ sí Àbújá, tí kò sì fẹ́ kí a kan án. Ó ku 12. Bí olúkúlùkù bá ń san ₦5,000 ní oṣù, ₦720,000 ni ó yẹ kí ó wọlé ní ọdún. Ṣùgbọ́n ayálégbé méjì kò san, nítorí náà ₦600,000 ni ó wọlé. Páànù tí ìjì ṣí, ₦90,000. Kíkó ṣalángá àti gbígbẹ́ kànga, ₦50,000. Owó ilẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀, ₦30,000. Ẹni tí ó ń bójú tó ilé, ₦60,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦230,000, ó ku ₦370,000. Bí ọmọ bá jẹ́ mẹ́fà tí a sì pín in ní orí ò jorí, ₦61,000 àti díẹ̀ ni ti ẹnìkọ̀ọ̀kan ní ọdún kan. Ẹ wò ó dáadáa: ohun tí ọmọ onílé rí gbà fi díẹ̀ péré ju ohun tí ayálégbé kan san fún yàrá kan lọ. Owó yìí ni àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò ń torí rẹ̀ ṣe ọdún mẹ́ta láìkí ara wọn.

8. Ká ní ẹnìkan fẹ́ san ₦24,000,000 fún ilé náà. ₦370,000 nínú rẹ̀ kò tó náírà méjì lórí ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dúró níbẹ̀, wọn yóò sì wí pé, ẹ tà á lónìí. Àwa kò tíì sọ bẹ́ẹ̀. Èkíní, ilẹ̀ tí ilé jókòó lé ń gbówó lórí bí owó ilé tilẹ̀ kéré. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 dọ́là kan kò tó ₦500 ní ọjà ìjọba. Ní 2024 ó ti kọjá ₦1,500, ọ̀wọ́n ọjà sì ju ọgbọ̀n lọ lórí ọgọ́rùn-ún ní ọdún náà. Ẹni tí ó ta ilé ní 2022 tí ó sì fi owó náà sùn sí báńkì mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Èkejì, ó lè jẹ́ pé kì í ṣe ilé ni kò mówó wá. Ẹ lọ bèèrè ohun tí àwọn onílé tí ó wà ní òdìkejì títì ń gbà. A mọ ilé tí a kò fi kọ́bọ̀ kan lé owó rẹ̀ láti ọjọ́ tí bàbá ti kú, nítorí ẹni tí ó ń gbà á ti sọ àwọn ayálégbé di ọ̀rẹ́, wọn a sì máa fún un ní tirẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ta irú ilé bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò pèrè, ohun tí kò ní àìsàn ni ẹ pa.

9. Jíjìnnà jẹ́ ohun mìíràn. Àwọn àgbà wa tí wọ́n ti Gánà dé kò ní gbàgbé 18 oṣù Kọkànlá 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn kan ta ilé tí wọ́n fi ogún ọdún kọ́ ní iye tí kò tó owó ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn mìíràn fi kọ́kọ́rọ́ lé aládùúgbò lọ́wọ́, wọn kò sì padà. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín pẹ̀lú, Sábó Gàrí rí ìjà ní 1953 àti 1966, Jọ́ọ̀sì sì rí tirẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2001. A kò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Àwọn aládùúgbò wa kan wà, Hausa àti Igbo, tí wọ́n ti ń bá wa jẹun fún àádọ́ta ọdún, tí wọ́n sì dúró ní ẹnu ọ̀nà wa ní ọjọ́ burúkú. Ohun tí a ń sọ ni pé ilé tí kò sí ọmọ kan nítòsí rẹ̀ máa ń wọ́n láti tọ́jú, ó sì máa ń pọ̀ lọ́jọ́ wàhálà. Bí ọmọ kan bá wà nínú ìlú tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ọ̀ràn náà fúyẹ́. Bí gbogbo wọn bá ti lọ, ó sàn kí wọ́n tà á ní ìgbà àlàáfíà, nígbà tí wọ́n lè kọ iye tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn.

MÀMÁ ÀTI ÀWỌN AYÁLÉGBÉ

10. Ní àṣà wa, ìyàwó kì í jogún ilé ọkọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni ó ń jogún. Ṣùgbọ́n àṣà kan náà kò gbà kí a lé e jáde. Màmá ti gbé inú yàrá yẹn fún ogójì ọdún. Ó mọ ọ̀nà ọjà, àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ wà ní ojúlé kẹta. Àwọn ọmọ yóò wí pé, màmá yóò máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní Èkó. Ta ni ó bi í? A rí ibi kan tí àwọn ọmọ ti pín owó ilé tán ní alẹ́, tí ilẹ̀ mọ́ kí ẹnìkan tó bèèrè pé níbo ni ìyá yóò sùn. Wọ́n gbé e kiri ilé ọmọ mẹ́rin ní ọdún méjì, ó sì kú sí ibi tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni tí ó lè bá a sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, kí ọ̀rọ̀ títà tó dé orí tábìlì, ẹ jókòó ti màmá ní òun nìkan, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí ó fẹ́. Bí ó bá fẹ́ dúró, kò yẹ kí a ta ilé náà nígbà ayé rẹ̀, àfi bí ebi tàbí àìsàn bá fipá mú wa. Bí ó bá gbà láti lọ, kí a kọ́kọ́ yọ owó ibùgbé rẹ̀ kúrò, kí a tó pín èyí tí ó kù.

11. Àwọn ayálégbé pẹ̀lú kì í ṣe àga àti tábìlì tí a ń tà mọ́ ilé. Ẹni tí ó ń san owó oṣù ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ oṣù kan. Ẹni tí ó ń san ti ọdún ní ẹ̀tọ́ sí oṣù mẹ́fà, bí ìwé àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn. Lẹ́yìn èyí ni ìwé ọjọ́ méje, lẹ́yìn rẹ̀ ni kóòtù. Ṣíṣí páànù lórí ènìyàn àti títi ilẹ̀kùn mọ́ ẹrù rẹ̀ lòdì sí òfin, ó sì jẹ́ ìtìjú fún ẹni tí ó ń jọ́sìn pẹ̀lú wa. Bí òǹrajà bá fẹ́ ilé tí ó ṣófo, ẹ sọ fún un ní òótọ́ iye oṣù tí yóò gbà. Ẹ má sì gba owó ọdún kan lọ́wọ́ ayálégbé ní oṣù tí ẹ ń bá òǹrajà ná an.

Ìbéèrè: Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni ayálégbé tí ó ti gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún, kí ni ìwọ yóò fẹ́ kí ọmọ onílé sọ fún ọ, àti nígbà wo?

OHUN TÍ ÀWA RÍ

12. Àwọn ìdí kan wà tí kò tọ́ kí a torí wọn ta ilé. Àjọ̀dún ọdún kan ikú bàbá jẹ́ ọ̀kan. Màlúù mẹ́ta a tán ní ọ̀sán kan. Ìbínú sí ẹ̀gbọ́n jẹ́ èkejì. Ẹ̀kẹta ni kí a lè fi gbogbo rẹ̀ rán ọmọ kan lọ sí òkè òkun. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu ìrìn àjò. Àwa fúnra wa kò ha rìn wá síhìn-ín bí? Ṣùgbọ́n ìpín ti ọmọ yẹn ni kí ó fi lọ. Bí àwọn yòókù bá yá a ní tiwọn, kí ó wà ní ìwé.

13. Ọ̀nà kẹta wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà rántí nígbà tí ohùn bá ti ròkè. Ọmọ kan tí ó ń gbé níhìn-ín lè ra ìpín àwọn yòókù. Kí a pe ẹni méjì tí ó mọ iye ilé, kí ẹnìkan má mọ ohun tí ẹnìkejì sọ, kí a mú iye tí ó wà láàárín méjèèjì. Ó lè san án ní ọdún mẹ́ta. Lójú tiwa, ó tọ́ kí a dín in díẹ̀ fún un bí ó bá jẹ́ pé òun ni ó tọ́jú bàbá ní àìsàn, ṣùgbọ́n kí ẹnu gbogbo wọn kò lórí rẹ̀, kí ó má jẹ́ pé òun ni ó dín in fún ara rẹ̀. Kí agbẹjọ́rò kọ ọ́, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i, ọmọbìnrin tí ó wà ní ilé ọkọ pẹ̀lú. Òun gan-an ni àwọn ènìyàn máa ń fò dá, àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó sì máa ń padà wá bèèrè ní ogún ọdún lẹ́yìn náà.

14. Bí ẹ bá tà á fún ará òde, ẹ jẹ́ kí owó ti ọwọ́ òǹrajà bọ́ sí àkáǹtì olúkúlùkù ní ọjọ́ kan náà. Ẹ má jẹ́ kí ó gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n tí ó ń gbààwẹ̀. Òfin owó orí tuntun tí a fọwọ́ sí ní 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kínní 2026, èrè orí ohun ìní tí a tà sì wà lára ohun tí ó kàn. Ẹ bèèrè ní ọ́fíìsì owó orí ìpínlẹ̀ kí ẹ tó ná an. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìpín rẹ̀ ra ilẹ̀ ní ìlú rẹ̀, kí ó ti wá ilẹ̀ náà, kí ó sì ti yẹ ìwé rẹ̀ wò, kí owó tó dé, nítorí náírà kì í dúró de ẹni tí ó ń ronú.

15. Bí ẹ bá sì pinnu láti pa á mọ́, ẹ má ṣe é láìsí ìwé ìṣirò. Ìwé kan ṣoṣo ni: orúkọ ayálégbé, nọ́ńbà yàrá, ọjọ́ tí ó san, iye, nọ́ńbà rìsíìtì, ní ojú ewé kejì, ohun tí a ná àti ẹni tí a san án fún. Kí owó máa wọ àkáǹtì tí ẹni méjì ń fọwọ́ sí, kí ọ̀kan jẹ́ ọmọ ìyá kan, kí èkejì jẹ́ ọmọ ìyá kejì. Kí a ya ìdá kan nínú mẹ́rin sọ́tọ̀ fún àtúnṣe kí a tó pín kọ́bọ̀. Lẹ́ẹ̀kan ní ọdún, nígbà tí gbogbo ènìyàn bá wálé fún Kérésìmesì tàbí Iléyá, kí a ka ìwé náà sókè. Ẹni tí ó ń gba owó ilé kò gbọdọ̀ bínú pé a bi í léèrè. Òfin pàápàá fún àwọn ọmọ ẹbí ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìṣirò. Àwọn yòókù náà kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé òun ni ó ń jí ní òru nígbà tí òjò bá ń jò sórí ayálégbé.

16. A ti fi ọwọ́ fa ìlà sí ìwé ìṣirò kan ní ọ̀nà tí a sọ yìí, ti ilé oníyàrá 14, pẹ̀lú oṣù méjìlá tí a kọ kún inú rẹ̀. Ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹni tí ó bá fẹ́ dà á kọ, kí ó mú ìwé tirẹ̀ wá lẹ́yìn ìsìn, ṣùgbọ́n kí ó má gbé ti ìjọ lọ sílé, nítorí èyí tí a ṣe ṣáájú kò padà mọ́.